Àwa Ni Odi Ọmọ Tí Wọ́n Pààrọ̀ Kíndìnrín Fún

Ọ̀rọ̀ kan délẹ̀ ní ìpàdé ẹ̀ka wa tí ó kọjá, kò sì tíì tán. Ọ̀kan nínú wa, tí ó jẹ́ awakọ̀, ní ọmọbìnrin kan tí àwọn dókítà fẹ́ pààrọ̀ kíndìnrín fún. Wọ́n ní kí ọmọ náà àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ṣíkìn-pọ́ọ̀sì kí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ tó pé. Kílíníìkì ilé iṣẹ́ dáhùn pé abẹ́rẹ́ yẹn kò sí lára ohun tí àwọn ń sanwó fún. Nígbà tí a gbé e wá sí ìpàdé, àwọn kan rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ṣé ṣíkìn-pọ́ọ̀sì náà ni ẹ ń pariwo lé lórí?" Èrò tiwa ni pé ó tó ohun tí ẹgbẹ́ ń tìtorí rẹ̀ jókòó pẹ̀lú àwọn aláṣẹ, a ó sì sọ ìdí rẹ̀.

Lóòótọ́, àìsàn ọmọdé ni. Kì í ṣe ṣọ̀pọ̀ná tí àwọn baba wa ń bẹ̀rù. Ṣọ̀pọ̀ná ti kúrò ní Nàìjíríà láti 1970, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì kéde ní 1980 pé ó ti tán láyé. Ṣíkìn-pọ́ọ̀sì ní tirẹ̀ ṣì wà káàkiri. Ọmọ tí ara rẹ̀ le yóò ṣe ibà díẹ̀, ara rẹ̀ yóò sú, yóò máa yún un, kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé ó ti ń sáré kiri.

Ti ọmọ tí wọ́n pààrọ̀ kíndìnrín fún yàtọ̀. Ara ènìyàn mọ ohun tí í ṣe tirẹ̀. Bí a bá fi kíndìnrín ẹlòmíràn sí i, ìbáà jẹ́ ti ìyá tí ó bí i, yóò kà á sí àjèjì, yóò sì dìde sí i. Nítorí náà ni ọmọ náà ṣe gbọ́dọ̀ máa lo oògùn lójoojúmọ́, níwọ̀n ìgbà tí kíndìnrín náà bá ń ṣiṣẹ́, kí oògùn náà lè de ọwọ́ àwọn ọmọ ogun ara. Ọwọ́ tí oògùn dè yìí kan náà ni ì bá lé àrùn jáde. Ṣíkìn-pọ́ọ̀sì tí ó mọ sí awọ lára ọmọ mìíràn lè wọ ẹ̀dọ̀fóró, ẹ̀dọ̀ àti ọpọlọ ọmọ yìí, ó sì lè pa á.

Dókítà Michiaki Takahashi, ará Jàpáánì, ni ó ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára yìí ní 1974, lẹ́yìn tí ó ti rí bí àrùn náà ṣe da ọmọkùnrin tirẹ̀ láàmú ní 1964. Kòkòrò àrùn náà fúnra rẹ̀ ni ó wà nínú abẹ́rẹ́ náà láàyè, ṣùgbọ́n wọ́n ti sọ ọ́ di aláìlágbára. Ara tí ó pé yóò fi kọ́ ìjà. Ara tí oògùn ti dè lọ́wọ́ lè má borí rẹ̀. Ìdí nìyí tí àkókò fi ṣe pàtàkì: kí ọmọ gba abẹ́rẹ́ méjèèjì ṣáájú iṣẹ́ abẹ, kí ó sì tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ó kéré tán, láàárín èyí tí ó kẹ́yìn àti ọjọ́ náà. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ọ̀pọ̀ dókítà kì í fún un mọ́. Ní ọdún àìpẹ́ yìí, àwọn onímọ̀ ní òkè òkun ti ń fún àwọn ọmọ díẹ̀ tí wọ́n fara balẹ̀ yàn, tí ara wọn ti dúró, tí oògùn wọn kò sì pọ̀. Ṣùgbọ́n abẹ́ ojú dókítà tí ó mọ iṣẹ́ náà ni, kì í ṣe ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì ìgboro. Gbogbo ọ̀sẹ̀ tí a bá fi jiyàn ní ìpàdé, ara àkókò ọmọ náà ni a ń yọ ọ́.

Kí ni ti àwọn ẹ̀gbọ́n nínú ọ̀rọ̀ yìí? Ẹni tí ó ní ṣíkìn-pọ́ọ̀sì ti ń kó o ran ẹlòmíràn ní bí ọjọ́ kan sí méjì kí ara rẹ̀ tó sú, afẹ́fẹ́ sì ń gbé e. Nínú bọ́ọ̀sì, ní kíláàsì, nínú yàrá kan tí ènìyàn mẹ́fà ń sùn sí, ta ni yóò mọ̀ kí ó tó sá? Nítorí náà, gbogbo ará ilé tí kò tíì ṣe àrùn náà rí, tí dókítà sì ní ó yẹ fún, ni kí ó gba abẹ́rẹ́. Bí ara ẹni tí ó gbà á bá sú, kí ó yẹra fún ọmọ náà títí yóò fi gbẹ. Kí ogun má bàa wọlé ni a ṣe ń mọ odi.

Abẹ́rẹ́ yìí kò sí lára àwọn tí ìjọba ń fún ọmọ wa lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ ni yóò sanwó. Láti 2000 tí ilé ìwòsàn St. Nicholas ní Èkó ti ṣe àkọ́kọ́ ìpààrọ̀ kíndìnrín nílẹ̀ yìí, tí Ilé-Ifẹ̀ sì ṣe tirẹ̀ ní 2002, àpò ẹbí ni ọ̀pọ̀ jù lọ owó náà ti ń jáde. Òbí ń ta ilẹ̀, wọ́n ń jẹ gbèsè. Ẹ̀yin awakọ̀, ẹni tí ó ta ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ra ọkọ̀, ṣé yóò tìtorí owó búréèkì gbé e sójú títì bẹ́ẹ̀?

Àwọn kan ní ọmọ kan ṣoṣo ni. Nígbà tí ẹ̀rọ bá gé ìka ẹnìkan, a kì í ka iye ìka tí ó ṣẹ́kù nínú ilé iṣẹ́ kí a tó béèrè ẹ̀tọ́. Àwọn àgbà ní màlúù tí kò nírù, Olúwa ní í bá a lé eṣinṣin. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ ènìyàn ni Olúwa ń lò.

Ohun tí a ń béèrè nìyí. Èkíní, kí àwọn aláṣẹ fi abẹ́rẹ́ yìí sínú ìwé àdéhùn, fún ọmọ òṣìṣẹ́ tí ó ń dúró de kíndìnrín àti àwọn ará ilé rẹ̀. Èkejì, bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá bá ẹni tí ó ní àrùn náà pàdé, kí òbí rẹ̀ lè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an láìgba kúẹ́rì. Oògùn àti abẹ́rẹ́ ààbò wà, ṣùgbọ́n wọn kì í fẹ́ ìdádúró. Ẹ̀kẹta, kí owó ìrànlọ́wọ́ ẹ̀ka san ti ọmọ yìí àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ báyìí, kí a tó gbọ́ èsì àwọn aláṣẹ.

Ó ku ti ọwọ́ wa. Bí ara ọmọ rẹ bá sú, má ṣe fi pa mọ́. Má gbé e lọ sí ilé ìwé tàbí òde àríyá títí gbogbo rẹ̀ yóò fi gbẹ di èépá, kí o sì tètè sọ fún ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn. Èyí kò ná wa ní kọ́bọ̀.

Ìpàdé tí ń bọ̀ ni a ó dìbò lórí owó náà. Ẹ wá, ẹ má rán ẹnìkan. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.