ÌWÉ OWÓ ẸGBẸ́ KÌ Í ṢE AWO

Ẹ̀yin ọmọ Oòduà tó fi Kàdúná ṣe ibùgbé, láti Kakuri títí dé Tudun Wada, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kò ní dùn mọ́ àwọn kan nínú, ṣùgbọ́n bí a kò bá sọ ọ́ fún ara wa, ta ni yóò bá wa sọ ọ́? Ó tó àkókò kí ẹgbẹ́ wa gbé ìṣirò owó rẹ̀ kúrò nínú ìwé àwọn ọmọ ilé-ìwé, kí ó gbé e sínú kọ̀ǹpútà. Ètò tó rọrùn ni mo ń sọ, èyí tí ọmọ girama lè lò. Bí a bá tún fi í falẹ̀, a ó tún ba orúkọ aláìṣẹ̀ jẹ́.

Mo ní a ó tún bà á jẹ́, nítorí a ti ṣe é rí. Ní bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ọmọ ẹgbẹ́ wa kan papòdà. Gẹ́gẹ́ bí òfin ẹgbẹ́, a kọ ṣẹ́ẹ̀kì ₦250,000 fún opó rẹ̀ kí wọ́n lè gbé òkú lọ sílé, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹni mẹ́ta ló ń fọwọ́ sí ṣẹ́ẹ̀kì nígbà náà, èmi sì wà lára wọn. Akápò ti bi báǹkì léèrè láàárọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n ní ₦412,000 ló wà nínú àkáǹtì. Ọkàn gbogbo wa balẹ̀. Opó san ṣẹ́ẹ̀kì náà sínú àkáǹtì tirẹ̀. Nígbà tó padà lọ gba owó, wọ́n sọ fún un pé ṣẹ́ẹ̀kì ti padà, owó kò tó nídìí rẹ̀. Nínú aṣọ ọ̀fọ̀ ló dúró níbẹ̀, tí àwọn ènìyàn ń wò ó bí ẹni tó wá lu báǹkì ní jìbìtì.

Kí ló ṣẹlẹ̀? Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú, a ti kọ ṣẹ́ẹ̀kì ₦180,000 fún káfíńtà tó kan òrùlé gbọ̀ngàn wa. Káfíńtà fi tirẹ̀ sínú àpótí, kò tètè lò ó. Ọ̀sẹ̀ tí opó ń lọ sí báǹkì gan-an ni òun náà rántí tirẹ̀, ó sì ṣáájú rẹ̀. Ẹ yọ ₦180,000 kúrò nínú ₦412,000, ó ku ₦232,000. ₦18,000 péré ló dójú ti wa lójú opó.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ẹgbẹ́ sọ. Wọ́n ní akápò ti jẹ ẹ́. Èmi àti àwọn méjì tí ẹgbẹ́ yàn jókòó ti ìwé bàbá náà fún ọjọ́ Àìkú mẹ́rin. Ìwé méjì ni, ọ̀kan fún owó tó wọlé, ọ̀kan fún owó tó jáde, pẹ̀lú àwọn kùkùté ìwé ṣẹ́ẹ̀kì nínú ọ̀rá. Kọ́bọ̀ kan kò sọnù. Ṣùgbọ́n kí a tó parí, bàbá ti kọ oyè sílẹ̀, kò sì wá sípàdé mọ́. A ka àbájáde wa, àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́, a sì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ aṣọ ẹgbẹ́. Kò sẹ́ni tó lọ bẹ̀ ẹ́ nílé. Èmi náà kò lọ. Wọ́n ní bí a kò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a kì í rí ẹni bá ṣeré. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí a ṣẹ̀ ló lẹ́tọ̀ọ́ láti gbàgbé, kì í ṣe àwa. Bàbá, bí ìwé yìí bá kàn yín lọ́wọ́ nílé tí ẹ fẹ̀yìn tì sí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ forí jì wá.

Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mo kọ́ ní pólì, mo sì ti lo ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Ní ọ́fíìsì, ìwé kan wà tí à ń pè ní Vote Book. Ìnáwó tí a bá ti fọwọ́ sí, a ó ti yọ ọ́ kúrò níbẹ̀, kódà kí owó náà tó jáde. Ohun tí ẹgbẹ́ wa kò ní nìyẹn. Owó tí báǹkì sọ pé ó wà kì í ṣe owó wa tán, bí ṣẹ́ẹ̀kì tí a ti kọ bá ṣì wà nínú àpótí ẹlòmíràn.

Àwọn kan á ní nǹkan òyìnbó ni èyí. Ẹ rántí alájọ. Káàdì tí alájọ ń fún àwọn ìyá wa lọ́jà ní ojú mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ojú kan fún ọjọ́ kan. Bí ìyá bá dáwó, alájọ á sàmì sí káàdì tó wà lọ́wọ́ ìyá, á sì kọ ọ́ sínú ìwé tirẹ̀. Ìyá tí kò mọ̀wé mọ iye tó ní lọ́wọ́ alájọ lójoojúmọ́. Bí àwọn ìyá wa ṣe ń tọ́jú owó nìyí, àwa tí a kàwé wá ń ṣe é lójú dúdú. Káàdì alájọ tó ń ro ara rẹ̀ pọ̀ ni kọ̀ǹpútà.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le. Nínú Excel, a ó ya òpó mẹ́jọ: ọjọ́, nọ́ńbà ṣẹ́ẹ̀kì, ẹni tó gbà á, ohun tó wà fún, owó tó wọlé, owó tó jáde, owó tó ṣẹ́kù, àti àmì pé báǹkì ti san án. Ní kété tí a bá kọ ṣẹ́ẹ̀kì káfíńtà, kọ̀ǹpútà á yọ ọ́ kúrò fúnra rẹ̀, á sì fi ₦232,000 hàn wá, ohunkóhun tí báǹkì ìbáà máa sọ. Bí oṣù bá parí, a ó gbé ìwé àkáǹtì tí báǹkì tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ tiwa, a ó sàmì sí èyí tó ti kọjá. Èyí tí kò ní àmì ṣì ń bọ̀ wá gba owó. GnuCash náà wà, tí kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni, tó sì ní ibi tí a ti ń fi ìwé tiwa wé ti báǹkì. Ó tilẹ̀ lè tẹ ọ̀rọ̀ sórí ìwé ṣẹ́ẹ̀kì, ṣùgbọ́n a kò nílò ìyẹn. Ẹ fi bírò kọ ṣẹ́ẹ̀kì yín, kí àkọsílẹ̀ ṣáà wà nínú ẹ̀rọ.

Ọ̀rọ̀ òfin tún wà níbẹ̀. Láti ọdún 1977 ni òfin ti wà ní Nàìjíríà lórí ṣẹ́ẹ̀kì tí kò lówó nídìí. Ẹ̀wọ̀n ọdún méjì ló là fún ẹni tó jẹ̀bi, láìsí owó ìtanràn. Òfin kan náà ní ẹni tó bá lè fi hàn pé òun ní ìdí tó múná dóko láti gbàgbọ́ pé báǹkì á san án kò jẹ̀bi. Kí ni akápò wa ìbá fi hàn adájọ́? Ìwé méjì àti ọ̀rá?

Mo gbọ́ àwọn tó ní, "Ṣé ẹ kò fọkàn tán wa ni?" Ẹ̀yin ìjòyè, nítorí pé a fọkàn tán yín la ṣe fẹ́ ìwé tí yóò jẹ́rìí yín. Àwọn kan ní iná kò sí. Ṣùgbọ́n fóònù wa kì í kú lọ́jọ́ tí bọ́ọ̀lù bá wà, fóònù sì lè gbé iṣẹ́ yìí. Àwọn kan ní àgbà kò mọ kọ̀ǹpútà. Àwọn ọmọ wa mọ̀ ọ́n, ẹ fún wọn níṣẹ́ ṣe nínú ẹgbẹ́ kí wọ́n má baà sá fún wa.

Àwọn ọ̀dọ́ náà ní ayé ṣẹ́ẹ̀kì ti lọ, kí a máa fi fóònù fi owó ránṣẹ́. Ẹ rọra. Ẹni mẹ́ta ló ń fọwọ́ sí ṣẹ́ẹ̀kì, ṣùgbọ́n bí owó ẹgbẹ́ bá ń gba inú àkáǹtì akápò kọjá, àtàǹpàkò ẹnìkan ló ń tẹ̀ ẹ́, owó ẹgbẹ́ á sì dà pọ̀ mọ́ owó ọbẹ̀. Ọ̀nà yòówù kí owó gbà jáde, a nílò àkọsílẹ̀ yẹn.

N kò ní tàn yín. Kọ̀ǹpútà kì í sọ olè di olóòótọ́, ẹni tó bá sì fẹ́ lè yí ohun tó wà nínú rẹ̀ padà. Nítorí náà, mo dábàá ohun mẹ́ta kí ìpàdé ọdọọdún wa tó ń bọ̀ tó dé. Kí a yan ọ̀dọ́ méjì, ọkùnrin kan, obìnrin kan, láti máa kọ àkọsílẹ̀ pẹ̀lú akápò. Kí a máa tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé lóṣooṣù, kí àwọn tó ń fọwọ́ sí ṣẹ́ẹ̀kì fọwọ́ sí i, kí a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri gbọ̀ngàn. Kí ẹni mẹ́ta ní ẹ̀dà rẹ̀ lọ́wọ́, kí ọ̀kan má baà bá fóònù kan sọnù.

Ẹni tí ìwé bá ń bà lẹ́rù, kí ó má gba ipò akápò. Kí Olódùmarè má jẹ́ kí a rí ikú òjijì nínú ẹgbẹ́ wa. Bí ọjọ́ àgbà bá sì dé bá ẹnikẹ́ni nínú wa, kí ṣẹ́ẹ̀kì tí a bá kọ fún àwọn tó fi sílẹ̀ má ṣe padà. Àṣẹ.