Ọmọdé Ò Mọ Oògùn, Ó Ń Pè É Lẹ́fọ̀ọ́

Ìdajì òwe yìí ló wà lẹ́nu gbogbo wa. Bí ọmọ bá fọwọ́ kan ohun tó lè ṣe é léṣe, àgbàlagbà á mi orí, á ní, "Ọmọdé ò mọ oògùn, ó ń pè é lẹ́fọ̀ọ́." Ọ̀rọ̀ bùṣe, a ti bá ọmọ wí. Ìdajì tó kù kì í sábà jáde: "kò mọ̀ pé ikú tó pa baba òun ni." Ìdajì ẹ̀yìn yìí ni mo fẹ́ kí a jókòó tì, nítorí òun ló gbé ẹ̀bi kúrò lórí ọmọ. Bí ewé kan bá ti pa baba, tí ọmọ rẹ̀ sì dàgbà débi tó ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sídìí ewé náà láìmọ̀ ọ́n, ta ni kò sọ fún un? Ìyá wà nílé. Àbúrò bàbá wà nílé. Àwọn tó gbẹ́ sàréè náà mọ ohun tó pa òkú.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo làpálàpá. Ní Ìlobù àti Ifọ̀n-Ọ̀ṣun, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, bí ẹ bá kúrò lójú títì tí ẹ wọ àárín agbo ilé, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi rí i níbi tí wọ́n ti fi ṣe ọgbà yí ẹ̀yìnkùlé ká. Igi tó rọrùn láti gbìn ni. Ẹ gé ẹ̀ka rẹ̀, ẹ rì í mọ́lẹ̀, ó di igi. Àwọn baba wa ò ṣèèṣì yàn án: ewúrẹ́ tó ń jẹ aṣọ lórí okùn kì í fẹnu kàn án. Ewé rẹ̀ wà fún àgbo, oje rẹ̀ wà fún egbò, epo inú hóró rẹ̀ sì ṣeé tan fìtílà. Èso rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, á máa pọ́n bọ̀ díẹ̀díẹ̀, bó bá gbẹ á di dúdú, á sì là. Hóró méjì tàbí mẹ́ta ló máa ń wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá pa èèpo dúdú náà dànù, ohun funfun tó wà nínú rẹ̀ lọ́ràá, adùn rẹ̀ sì sún mọ́ ti ẹ̀pà. Ibẹ̀ gan-an ni jàǹbá wà. Májèlé tó bá korò ń kìlọ̀ fún ọmọ. Eléyìí ò kìlọ̀.

Bó ṣe sábà máa ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Ọmọ kì í dá a jẹ. Ọmọ mẹ́ta mẹ́rin ti ilé ìwé dé, oúnjẹ ò tíì jinná, wọ́n ń fi agolo dáná eré lẹ́yìn ilé. Ọ̀kan já èso, ó tọ́ ọ wò, ó dùn, ó pín in fún àwọn yòókù. Kí wákàtí mélòó kan tó kọjá, ọ̀fun ń ta wọ́n, inú ń lọ́ wọn, èébì bẹ̀rẹ̀, ìgbẹ́ gbuuru tẹ̀ lé e. Ìyá dé, ó bá ọmọ méjì nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. "Kí lo jẹ? Ta ló fún ẹ?" Ọmọ tó mọ ibi tí pàṣán wà á ní òun ò jẹ nǹkan kan. Irọ́ kékeré yìí ló ń dá ìtọ́jú dúró jù. Nígbà tí ọmọ ti ní òun ò jẹ nǹkan kan, ọkàn àwọn àgbà á fò lọ síbòmíì: sọ́dọ̀ ìyá tó ń ta mọ́ínmọ́ín níwájú ilé ìwé, sọ́dọ̀ aládùúgbò tí wọ́n jọ ṣe gbólóhùn asọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, sọ́dọ̀ orogún. Ilé kan lè tú lórí hóró làpálàpá. Ó dá mi lójú pé ọmọ tí a bá kọ́kọ́ fi lọ́kàn balẹ̀ pé a ò ní nà án yóò sọ òtítọ́ kí èébì kejì tó dé.

"Ẹ wá epo! Ẹ fún un lépo mu!" Gbogbo àdúgbò ló mọ èyí, ìfẹ́ ló sì ń mú wọn sáré gbé kólòbó epo wá. Ṣùgbọ́n epo pupa kì í pa oró làpálàpá. Ọmọ tó ń bì, tí a dì mú, tí a fi tipátipá la ẹnu rẹ̀, epo náà lè gba ọ̀nà èémí wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, kí àìsàn kejì bẹ̀rẹ̀ lórí èkíní. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìka tí a ń kì bọ ọmọ lọ́fun kó lè bì í. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó jẹ làpálàpá ló ń yè bí omi tó ń tán lára wọn bá tètè padà: omi ORS fún ẹni tó lè mu, omi tí wọ́n ń fà sí iṣan fún ẹni tí kò lè mu. Nọ́ọ̀sì tó gbà wọ́n kò nílò ìtàn gígùn. Èso tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ àwọn ọmọ náà, pẹ̀lú ewé rẹ̀, tí a dì sínú ọ̀rá wá, wúlò fún un ju ìtàn lọ.

Iṣin ni ọ̀rọ̀ tirẹ̀ wúwo. A ń gbìn ín nítorí ibòji, a ń jẹ ẹ́, kò sì sí ẹni tó ń pè é ní májèlé láàárín wa. Bó bá gbó dáadáa, èèpo pupa rẹ̀ á ya fúnra rẹ̀ lórí igi, hóró dúdú mẹ́ta tó ń dán á yọjú, ẹran funfun tó wà nídìí hóró náà la sì ń jẹ. Kó tó ya, ẹran yìí kan náà kún fún oró kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní hypoglycin. Ara ní ọgbọ́n tó fi ń wá agbára bí oúnjẹ kò bá sí: á yọ nínú ọ̀rá tó ti tọ́jú, ẹ̀dọ̀ á sì máa ṣe ṣúgà sínú ẹ̀jẹ̀. Oró iṣin tí kò tíì ya ló ń dí ọ̀nà méjèèjì pa. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ á já wálẹ̀. Ọmọ tó jẹun kánú lọ́sàn-án lè bì, kó rẹ̀ ẹ́, kó sì bọ́. Ọmọ tí ebi ń pa láti àárọ̀, tó sì jẹ́ pé ebi náà ló gbé e lọ sídìí igi, kò ní ohun tí yóò fi dúró. Á bì, á sùn lọ gbọnrangandan, gìrì á gbé e.

Lọ́dún 1998, láàárín oṣù January sí May, èyí ṣẹlẹ̀ ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù Burkina Faso. Ọmọ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, láti ọmọ ọdún méjì sí mẹ́fà, ni àwọn olùwádìí kà tí àìsàn tí ẹnikẹ́ni kò mọ orúkọ rẹ̀ pa: èébì, gìrì, oorun tí kò ní jíjí. Ìwádìí náà jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet lọ́dún 1999. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n yẹ̀ wò nínú ilé àwọn ọmọ náà, ohun kan ló bá ikú wọn mu: igi iṣin tó wà nítòsí ilé, kò ju ọgọ́rùn-ún mítà lọ. Àwọn òbí wọ̀nyẹn mọ iṣin bí àwa náà ṣe mọ̀ ọ́n. Igi inú agbo ilé ni. Ohun tí a ń rí lójoojúmọ́ la kì í rántí sọ fún ọmọ.

Níbi gìrì yìí ni òwe náà ti kọjú sí àgbà pátápátá. Kí ni àwọn ìyá wa ń fún ọmọ tí gìrì bá gbé? Àgbo ìtọ̀ màlúù: ìtọ̀ màlúù, ewé tábà, àáyù, efinrin, àlùbọ́sà, ọsàn wẹ́wẹ́, iyọ̀. Láti àwọn ọdún 1970 ni àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn ti ń yẹ àgbo yìí wò nítorí iye ọmọ tó ń dé ilé ìwòsàn nínú ìdákú lẹ́yìn tí wọ́n mu ún. Lára ohun tí wọ́n rí ni pé ó ń já ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Ẹ gbé méjèèjì lé orí ara wọn. Ọmọ jẹ iṣin tí kò ya, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ já, gìrì gbé e. Wọ́n sáré fún un ní àgbo tí yóò tún já ìyókù. Ó wá di pé àgbàlagbà tó ń tọ́jú ọmọ náà ni kò mọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò sọ èyí láti fi bú ìyá kankan. Ẹkún ló ń sun nígbà tó ń ro àgbo náà, ohun tí ìyá tirẹ̀ fi lé e lọ́wọ́ sì ni. Ẹni tó fún ìyá rẹ̀ pẹ̀lú, ó gbà á lọ́wọ́ ẹlòmíì. Ikú tó pa baba kì í fìgbà gbogbo wá láti inú igbó. Ó lè wà nínú ìkòkò tí a jogún.

Ìlú tí mo sì ń sọ yìí kì í ṣe ìlú tí ewé ṣàjèjì sí. Ìlobù ni ojúlé Erinlẹ̀, òrìṣà tí wọ́n ń pè ní ọdẹ, tí wọ́n sì ń pè ní oníṣègùn. Odò tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ṣì ń ṣàn. Láyé ìjọ́sí, ọmọ ọdẹ ń tẹ̀ lé bàbá rẹ̀ wọ igbó, bàbá á já ewé, á jẹ́ kó gbóòórùn rẹ̀, á fi igi tó jọ ọ́ tí kì í ṣe òun hàn án. Ìmọ̀ ọ̀nà wọnú igbó ni, kì í ṣe ìmọ̀ àfipamọ́. Ṣùgbọ́n a pa á pọ̀ mọ́ awo. A ní a kì í sọ fún ọ̀gbẹ̀rì, a sì sọ pé ọmọ tó bá mọ̀ jù kì í pẹ́. Pierre Verger, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí wọ́n tẹ̀ nífá ní Kétu lọ́dún 1953, ló wá kó orúkọ ewé wa àti ìlò wọn sínú ìwé ńlá kan tó jáde lọ́dún 1995. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń dùn mí. Ní tèmi, kí babaláwo pa àṣírí ewé tó ń wo aboyún mọ́, kò burú. Àmọ́ ewé tó ń pa ọmọ kò yẹ kó ní àṣírí rárá. Ojú ológbò tí a ń fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀ eré, hóró lárà, apíkán tó ń tanná funfun lẹ́bàá ọ̀nà, ó yẹ kí ọmọ ọdún márùn-ún lè nàka sí wọn kó ní, "Ìyá mi ní a kì í jẹ èyí."

Àwọn ènìyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ó ṣeé ṣe. Iṣin bá wọn dé Jàmáíkà nínú ọkọ̀ ẹrú ní ìgbẹ̀yìn ọ̀rúndún kejìdínlógún. Ó pa àwọn ọmọ wọn níbẹ̀ náà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń pè é ní àìsàn èébì kí wọ́n tó mọ̀ pé iṣin ni, ọdún 1954 ni wọ́n sì tó rí oró inú rẹ̀. Lónìí, iṣin àti ẹja oníyọ̀ ni oúnjẹ orílẹ̀-èdè wọn. Ọmọ kékeré Jàmáíkà mọ̀ pé a kì í fi ọwọ́ la iṣin, a ń dúró kó la ara rẹ̀ ni.

Ohun kan ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí kán mi lójú ní Ìlobù àti Ifọ̀n. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, nígbà tí ìjà ààlà tún gbóná láàárín wọn, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kéde kónílé-ó-gbélé lórí àwọn ìlú wọ̀nyí. Ilé ìwòsàn olùkọ́ni ti Yunifásítì Ọ̀ṣun wà ní Òṣogbo, kò jìnnà bí ọ̀nà bá ṣí. Gìrì ọmọ kò mọ òfin kónílé-ó-gbélé. Nírú òru bẹ́ẹ̀, ohun tí ìyá mọ̀ ló ní: kó fún ọmọ tó ṣì lajú, tó ṣì lè gbé nǹkan mì, ní omi ṣúgà, kó má da ohunkóhun sẹ́nu ọmọ tó ti dákú, kó dojú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó sì pariwo títí ẹni tó ní ọkọ̀ yóò fi jáde. Kò yẹ kí ìyá Ìlobù kankan bẹ̀rù láti kanlẹ̀kùn ará Ifọ̀n ní irú wákàtí bẹ́ẹ̀, tàbí ará Ifọ̀n láti kanlẹ̀kùn ará Ìlobù.

Àwọn kan á ní ká gé gbogbo igi iṣin, ká hú làpálàpá. Mi ò fara mọ́ ọn. Làpálàpá lè kúrò níbi tí ọmọ ti ń ṣeré, kó lọ sí ààlà oko, ìyẹn ò le. Iṣin ní tirẹ̀ oúnjẹ ni, ibòji ni, owó ni lọ́wọ́ ìyá tó ń tà á. Èyí tí afẹ́fẹ́ já lulẹ̀ láìya ni ká máa ṣà kúrò láàárọ̀ kí àwọn ọmọ tó jí. Èyí tó bá ti ya lórí igi, ká já a lójú wọn, ká yọ hóró dúdú sọ nù, ká fi èékánná fa fọ́nrán pupa tó wà nínú ẹran náà yọ, ká bọ̀ ọ́, ká da omi rẹ̀ nù, ká tó bu fún wọn jẹ.