Ewu Tí Ń Bẹ Ní Ilé Ìpọntí

Ẹ̀yin ará wa ní etí omi Ìlàjẹ, ìwàásù púpọ̀ ni a ti gbọ́ lórí ewu ọtí mímu, ṣùgbọ́n a kì í sábà gbọ́ nípa ewu ọtí pípọn. Èmi kò yin ọtí. Síbẹ̀, ẹ̀mí ẹni tí ń pọn ọ́n ṣe iyebíye níwájú Ọlọ́run, ìdákẹ́jẹ́ wa kò sì lè gbà á là.

Nígbà tí ògùrọ̀ bá wà nínú àgbá kí a tó sè é di ògógóró, ìwúkàrà inú rẹ̀ a máa jẹ adùn rẹ̀. Nǹkan bí ìdajì adùn náà a di ọtí. Ìdajì yòókù a di afẹ́fẹ́ tí àwọn onímọ̀ ń pè ní carbon dioxide. Òun ni ó ń mú kí ẹmu máa hó. Ojú kò lè rí i. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ tí a ń mí lọ, nítorí náà kì í gòkè bí èéfín. Inú àgbá àti ilé tí kò ní fèrèsé ni ó ń dúró sí, bí omi inú kòtò. Bí ó bá tó apá 4 nínú 100, ó léwu fún ẹ̀mí. Bí ó bá tó 10, ènìyàn yóò dákú kíákíá.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fojú kéré rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ 21 oṣù August 1986, afẹ́fẹ́ yìí kan náà tú jáde láti ìsàlẹ̀ adágún Nyos ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù, ó sì pa ènìyàn tí ó ju 1,700 lọ.

Èyí tí ó bani nínú jẹ́ jù ni ikú ẹnì kejì. Ẹnì kan wọ inú àgbá ńlá láti fọ̀ ọ́, ó ṣubú. Àbúrò rẹ̀ bẹ́ wọlé láti gbé e, òun náà ṣubú. Ìfẹ́ ni ó sún un wọlé. Àìmọ̀ ni ó pa á.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ ilé ìpọntí ṣí sílẹ̀ fún atẹ́gùn. Ẹ má ṣe gbé àgbá ẹmu sí yàrá tí ọmọ ń sùn. Láti òde ni kí ẹ ti fi ìgbálẹ̀ gígùn fọ àgbá. Ẹ má ṣe fi àtùpà dán an wò, nítorí iná lè máa jó níbi tí ewu ti wà, ọtí sì lè gbiná. Bí ẹnì kan bá ṣubú, ẹ ké, ẹ fi okùn tàbí ìkọ́ fà á láti òde. Ẹ má ṣe wọlé tọ̀ ọ́.

Kí ojú má rí ibi, ẹsẹ̀ ni oògùn rẹ̀. Ní èrò tèmi, ó yẹ kí a kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ yìí ní ilé ìwé, kí a sì sọ ọ́ ní ilé Ọlọ́run pẹ̀lú.