Ìró Ni Ká Fi Kọ́ Ọmọ Níwèé: Ẹ̀bẹ̀ Nítorí Iléèwé Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́

Ọmọ tó ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ pariwo tẹ̀lé ohun tí tíṣà ń tọ́ka sí lójú pátákó kò tíì ka nǹkan kan. Àkọ́sórí ló ń kà. Ẹ nu pátákó náà, kí ẹ to àwọn lẹ́tà yẹn di ọ̀rọ̀ mìíràn, ẹnu á wọhò. Báńkì Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nínú ọmọ ọdún 10 mẹ́wàá ní Nàìjíríà, ó tó nǹkan bíi 7 tí kò lè ka ìtàn kékeré kó yé e. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí iléèwé ìjọba ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, ní Ìpínlẹ̀ Èkó, máa fi ìró lẹ́tà kọ́ ọmọ kíláàsì kìíní àti ìkejì ní ìwé kíkà, láti orí èyí tó rọrùn dé orí èyí tó le, kó sì jẹ́ pé Yorùbá ni wọn yóò fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀pẹ́ kò ṣàjèjì sí ọ̀nà yìí. Bó bá di kíkà ní ilé kéwú, lẹ́tà ni aáfà fi ń bẹ̀rẹ̀, àmì òkè àti ti ìsàlẹ̀ á tẹ̀lé e, kí ọmọ tó máa so wọ́n pọ̀. Ìdí nìyẹn tí ọmọ kékeré fi lè ka ojú ìwé tí kò rí rí. Àmọ́ ó lè kà á já kó má mọ ìtumọ̀ rẹ̀, nítorí èdè Lárúbáwá kì í ṣe èdè tí wọ́n ń sọ nílé. Bí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe rí fún ọ̀pọ̀ ọmọ wa náà nìyẹn, Gẹ̀ẹ́sì tilẹ̀ tún burú sí i: lẹ́tà kan náà ló wà níparí ‘though’ àti ‘tough’, ìró wọn kò sì jọra rárá. Lẹ́tà 25 ni Yorùbá ní, fáwẹ́lì 7 ló wà nínú wọn, ohun tí a bá sì kọ ni a ń pè, bí àmì ohùn bá ti pé. Ọmọ tó bá ti fi ‘ba’, ‘bá’ àti ‘bàbá’ mọ̀ pé ìró ni lẹ́tà ń dúró fún yóò gbé òye náà dé inú Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ̀rí wà. Lọ́dún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní gbogbo iṣẹ́, yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, fún ọdún 6 ní iléèwé St Stephen’s, Mọdákẹ́kẹ́. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Èdè ni ìyẹn jẹ́rìí sí, kì í ṣe ìró. Ní ti ìró, ìgbìmọ̀ tí ìjọba Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀ láti yẹ ìwádìí wò sọ lọ́dún 2000 pé fífi lẹ́tà àti ìró kọ́ni létòlétò ń ran ọmọdé lọ́wọ́, pàápàá àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Àwọn kan á ní Mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, ti fagi lé ìlànà fífi èdè abínibí kọ́ni ti ọdún 2022 ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, pé èdè yẹn ló ń mú kí ọmọ máa fìdí rẹmi nínú ìdánwò. Èmi kò rò pé èdè ló jẹ̀bi níbi tí ìwé kò ti sí, tí wọn kò sì kọ́ tíṣà níṣẹ́. Síbẹ̀, ẹ̀bẹ̀ mi kò bá àṣẹ náà jà: òfin Èkó ti ọdún 2018 ti fi Yorùbá sáàárín ẹ̀kọ́ iléèwé, wákàtí Yorùbá yẹn ni kí wọ́n sọ di wákàtí ìwé kíkà.

Ti àwọn ọmọ Ìgbò, Haúsá àti Ègùn tó kún Ìkòròdú ló le díẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ń fi Yorùbá ṣeré ládùúgbò. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé gbọ́dọ̀ kọ́ sísọ kó tó kan kíkà, ìyẹn á sì gba àsìkò. Ariwo àpapọ̀ kì í ràn án lọ́wọ́, ṣe ló ń fi í pamọ́.

Ní ti tíṣà, ọgbà Yunifásítì Ẹ̀kọ́ Ìpínlẹ̀ Èkó wà ní Nọ́fọ́rìjà lẹ́bàá Ẹ̀pẹ́, níbi tí kọ́lẹ́ẹ̀jì Michael Otedola ti ń kọ́ tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tẹ́lẹ̀. EKOEXCEL, ètò ẹ̀kọ́ ìjọba Èkó, sì ti ń fi tábúlẹ́ẹ̀tì gbé ẹ̀kọ́ fún tíṣà láti ọdún 2020. Kí wọ́n kó ẹ̀kọ́ ìró Yorùbá sínú rẹ̀. Kí LASUBEB, àjọ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ní Èkó, tẹ ìwé tí àmì ohùn rẹ̀ pé. Ní òpin kíláàsì kejì, kí tíṣà láti iléèwé mìíràn pe ọmọ kọ̀ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ọmọ náà ka ọ̀rọ̀ tí kò sí nínú ìwé rẹ̀ sókè, kí wọ́n sì sọ èsì rẹ̀ fún ìyá àti bàbá rẹ̀ kí ìsinmi tó bẹ̀rẹ̀.