Kí Ẹ Tó Kun Ilé

Ìgbà tí oòrùn ń padà yọ dé, kálukú ti ń wo ògiri ilé rẹ̀, ó ń sọ pé, “Ọdún yìí, ilé yìí gbọ́dọ̀ yí padà.” Ní gbogbo Sátidé ni àwọn ìtajà ohun èlò ilé ń kún fọ́fọ́. Ẹnìkan ń gbé ọ̀dà, ẹnìkan ń gbé táìlì, ẹlòmíràn so àkàbà mọ́ orí ọkọ̀. Kò burú. Ilé tó gún régé, iyì ni fún onílé. Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí kò ju ẹyọ kan lọ: owó àkọ́kọ́ tí ẹ máa ná sára ilé, ẹ ná an sórí ohun tí kò ní jẹ́ kí ilé pa ará ilé lára. Ẹwà á tẹ̀ lé e.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì nìkan nìyí. Ẹ ṣí Deutarónómì 22:8. Níbẹ̀, òfin tí a fún ẹni tó ń kọ́ ilé tuntun kò sọ ohunkóhun nípa àwọ̀ ògiri tàbí bí yàrá ṣe gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó. Ó ní kí onílé mọ odi kékeré yí òrùlé rẹ̀ ká, nítorí òrùlé wọn tẹ́ pẹrẹsẹ, àwọn ènìyàn a sì máa gun orí rẹ̀. Bí ẹnìkan bá já bọ́ tí kò sì sí odi, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ di ọ̀ràn sí onílé lọ́rùn. Ẹ kíyè sí i pé òfin náà kò dúró de ẹni tó máa kọ́kọ́ já bọ́. Odi gbọ́dọ̀ ti wà níbẹ̀ kí àlejò tó dé. Nínú ilé tí à ń gbé ní Ìlú Ọba níhìn-ín, a kì í jókòó sórí òrùlé. Odi tiwa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn, nínú balùwẹ̀, lójú fèrèsé, àti nídìí ẹ̀rọ gáàsì.

Ibi tí ènìyàn ti ń ṣubú

Nínú iṣẹ́ wa ní wọ́ọ̀dù, àgbàlagbà tí egungun ìbàdí rẹ̀ kán kì í sábà jẹ́ ẹni tó ti òkè gíga já bọ́. Ó dìde lóru láti lọ tọ̀ ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́ etí kápẹ́ẹ̀tì, ó na ọwọ́, kò rí nǹkan dì mú. Àwọn mìíràn kì í rìn bí wọ́n ṣe ń rìn tẹ́lẹ̀ mọ́ láéláé.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń mú Màmá wá láti ilé kí wọ́n lè bá wa wẹ ọmọ tuntun. Àtẹ̀gùn ilé ibí dagun, ó sì há. Kí Màmá tó dé, ẹ jẹ́ kí igi tàbí irin ìdìmú wà ní ọ̀tún àti ní òsì àtẹ̀gùn láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Gíga tí òfin ilé kíkọ́ ní England fẹ́ ni láàrin mílímítà 900 sí 1,000 láti etí àtẹ̀gùn. Ẹ kan ògiri kí ẹ tó fi síkúrù dè é. Bí ó bá dún bí ìlù, inú rẹ̀ ṣófo, pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ lásán ni, kò sì lè gbé ẹni tó ń ṣubú. Ẹ wá igi tó wà lẹ́yìn rẹ̀, tàbí kí ẹ pe káfíńtà.

Nínú balùwẹ̀, irin tí a fi ń sá táwẹ̀lì kì í ṣe irin ìdìmú. Èyí tí a kàn fi rọ́bà lẹ̀ mọ́ táìlì náà kò tó gbé ara ènìyàn. Ẹ ra èyí tí síkúrù dè mọ́ ògiri. Ní ti táìlì, èyí tó ń dán bíi dígí lẹ́wà ní pálọ̀, àmọ́ bí omi ọṣẹ bá kàn án, ó di yìnyín. Ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á pé ilẹ̀ balùwẹ̀ ni ẹ fẹ́ fi í ṣe, kí ó fi èyí tí kì í yọ̀ hàn yín.

Bí àgbàlagbà tàbí ọmọ tó ní àìlera bá ń gbé pẹ̀lú yín, ẹ má tíì ná owó yín tán. Ẹ pe kánsù, kí ẹ béèrè fún occupational therapist. Ní England, bí àyẹ̀wò wọn bá fi hàn pé ẹni náà nílò rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni àtúnṣe kékeré tí iye rẹ̀ kò ju £1,000 lọ. Fún iṣẹ́ ńlá, bíi sísọ balùwẹ̀ di èyí tí kẹ̀kẹ́ arọ lè wọ̀, owó ìrànwọ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Disabled Facilities Grant: ó lè tó £30,000 ní England, £36,000 ní Wales. Wọ́n máa ń wo owó tó ń wọlé fún àgbàlagbà, ṣùgbọ́n wọn kì í wo ti òbí bí ó bá jẹ́ pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 ni wọ́n fẹ́ ṣe é fún. Màmá tó wá kí wa pẹ̀lú físà ní tirẹ̀, ẹ jẹ́ kí a fi owó àpò wa ṣe é. Iye rẹ̀ kò tó ti aṣọ ẹbí kan.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ kékeré, ẹ fi ohun ìdènà sí fèrèsé òkè kí ó má lè ṣí ju mílímítà 100 lọ. Kí ẹ sì so kọ́bọ́ọ̀dù àti tẹlifíṣọ̀n mọ́ ògiri. Ọmọ ọdún méjì kò mọ̀ pé dúrọ́ọ̀ kì í ṣe àtẹ̀gùn.

Ẹ má kun ọ̀dà sórí ọ̀rinrin

Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Ohun dúdú tó ń hù ní igun yàrá, kì í ṣe ìdọ̀tí lásán. Ó ń bá ẹ̀dọ̀fóró jà, pàápàá ti ọmọdé àti ti ẹni tó ní ikọ́ fée. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, ọmọ ọdún méjì kan tó ń gbé ní Rochdale, Awaab Ishak, kú. Adájọ́ tó wádìí ikú rẹ̀ sọ pé ohun dúdú yìí tó wà nínú ilé wọn fún ìgbà pípẹ́ ló fà á. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ òfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní England ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹwàá ọdún 2025. Òfin náà ní kí kánsù àti àwọn ẹgbẹ́ tó ń fi ilé háyà fún aráàlú yanjú ewu pàjáwìrì láàrin wákàtí 24, kí wọ́n sì yẹ ọ̀rinrin tó lè pa ènìyàn lára wò láàrin ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá tí wọ́n bá gbọ́. Nítorí náà, ẹ̀yin ayálégbé, ẹ kọ̀wé, ẹ ya fọ́tò, ẹ kọ déètì sí i. Ẹ má fi ẹnu lásán sọ ọ́.

Ọ̀dà tí a kùn sórí rẹ̀ kò wo nǹkan kan sàn. Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí omi ti ń wá. Bóyá gọ́tà ló dí, bóyá páìpù ló ń jò. Ní ilé tiwa, ó sábà máa ń jẹ́ ooru omi láti inú ìkòkò ẹ̀wà, láti inú ẹran tí à ń bọ̀ fún wákàtí méjì, àti láti ara aṣọ tí a sá sórí ẹ̀rọ amúlégbóná. Ẹ dé ìkòkò. Ẹ ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Ẹ tan fáànù tó ń fa ooru jáde, kí ẹ jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ díẹ̀ sí i lẹ́yìn tí ẹ bá parí oúnjẹ.

Bí ẹ bá fẹ́ ra fáànù tuntun, ẹ ka ara páálí rẹ̀. Ti balùwẹ̀ gbọ́dọ̀ lè fa afẹ́fẹ́ tó lítà 15 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ti ilé ìdáná jẹ́ lítà 30 bí ó bá wà lókè ibi tí à ń dáná, tàbí lítà 60 bí ó bá wà níbòmíràn. Ìta ni kí ó máa tú ooru náà sí, kì í ṣe inú àjà. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ti àtijọ́ ṣì lágbára, ẹ gbé bébà ìnujú kan sí i lójú. Bí kò bá lè di bébà náà mú, ó ti rẹ̀ ẹ́.

Gáàsì kì í mọ ojú ẹni

Èéfín carbon monoxide kò ní òórùn, kò ní àwọ̀. Orí fífọ́, òòyì àti èébì ló ń mú wá, àwọn ènìyàn a sì rò pé àìsàn òtútù ni. Àmì kan rèé: bí ara yín bá ń yá nígbà tí ẹ bá jáde, tí ó sì ń burú nígbà tí ẹ bá wọlé, ilé ni ẹ fura sí. Ẹ ra álààmù tí wọ́n kọ BS EN 50291 sí lára. Bí ó bá dún, ẹ pa gáàsì, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ jáde síta, kí ẹ pe 0800 111 999.

Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà nínú Gas Safe Register nìkan ni òfin gbà láyè láti fi owó gba iṣẹ́ gáàsì. Ẹ béèrè káàdì rẹ̀, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀, nítorí ẹ̀yìn ni irú iṣẹ́ tó lè ṣe wà. Ẹ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ará ìjọ pẹ̀lú. Ará ni wá nínú Olúwa, ṣùgbọ́n gáàsì kì í mọ ojú ẹni. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bínú. Kí ẹ sì kọ iye owó, iṣẹ́ àti ọjọ́ tí yóò parí sílẹ̀, kí ẹ má san gbogbo owó lẹ́ẹ̀kan náà. Ìwé tí a kọ ni kì í jẹ́ kí ará méjì bá ara wọn jà.

Ohun èlò tí ẹ máa fi ọwọ́ ara yín lò

Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa ṣe é, ohun tí ẹ máa lò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ẹ háyà rẹ̀. Ohun tí ẹ máa lò lemọ́lemọ́, ẹ rà á, kí ó sì jẹ́ èyí tó dára.

Àkàbà: ẹ wá àmì EN 131 lára rẹ̀. Bí ẹ bá gbé e ti ògiri tó sì ga ní mítà mẹ́rin, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ jìnnà sí ògiri ní mítà kan. Ẹ má dúró sórí ọ̀pá mẹ́ta òkè pátápátá. Àga ilé ìdáná kì í ṣe àkàbà, bó ti wù kó yá tó.

Iná: ẹ so ẹ̀rọ tí ẹ fi ń lu ògiri mọ́ RCD, ohun kékeré tó ń pa iná fúnra rẹ̀ kíákíá bí iná bá fẹ́ gba ara ènìyàn kọjá. Ẹ má lu ihò ní òkè tàbí ní ìsàlẹ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì gan-an, nítorí ibẹ̀ ni wáyà sábà máa ń gbà.

Eruku: eruku táìlì, bíríkì àti kọnkéré ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ìbòmú tí a lò nígbà Kòrónà kò lè dá a dúró. FFP3 ni kí ẹ rà, kí ó sì lẹ̀ mọ́ ojú dáadáa. Ẹ̀yin bàbá onírùngbọ̀n, irùngbọ̀n kì í jẹ́ kí ó lẹ̀. Kí ẹ sì máa da omi sí ohun tí ẹ ń gé.

Asbestos: ọdún 1999 ni wọ́n tó fòfin de gbogbo irú rẹ̀ níhìn-ín. Ilé èyíkéyìí tí wọ́n kọ́ ṣáájú ọdún 2000 lè ní in: nínú àjà tí wọ́n fi ọ̀dà onírípirípi ṣe ọ̀ṣọ́ sí, nínú táìlì ilẹ̀ àtijọ́, lórí òrùlé gáréèjì. Bí ẹ kò bá fọwọ́ kàn án, tí kò sì fọ́, kò ní ṣe nǹkan kan. Bí ẹ bá ha á tàbí tí ẹ lu ihò sí i, eruku rẹ̀ lè wà nínú ẹ̀dọ̀fóró fún ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí àrùn tó yọjú. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó fi ayùn kàn án.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, àti ilé tí à ń kọ́ sílé

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, iṣẹ́ yín wà nínú èyí. Bọ́tìnì álààmù tí a gbọ́dọ̀ máa tẹ̀ lóṣooṣù, ẹ gbà á ṣe. Ẹ fi fóònù yín wá orúkọ oníṣẹ́ gáàsì kí ó tó wọlé. Bí Dádì bá fẹ́ gun àkàbà, ẹ di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Bí ẹ bá rí wọn lórí àga ilé ìdáná, ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ pé, “Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n lọ gbé àkàbà wá.” Kì í ṣe àfojúdi. Ìfẹ́ ni.

Àwa tí à ń fi owó ránṣẹ́ kọ́lé sí Ìbàdàn tàbí Ìjẹ̀bú, òfin kan náà ló bá wa débẹ̀. Kí ẹ tó san owó géètì aláràbarà, ẹ béèrè fọ́tò irin ààbò tó yí báńkóní ká. Kí ilé jẹnẹrétọ̀ wà níta, jìnnà sí fèrèsé, kì í ṣe ní kọ́ńdọ̀.

Ní Sátidé yìí, kí ẹ tó lọ ra ọ̀dà, gbogbo ilé ẹ jọ rìn yíká pẹ̀lú bébà àti bírò. Ní ibi kọ̀ọ̀kan, ẹ béèrè pé: ta ló lè farapa níhìn-ín? Ohun tí ẹ bá kọ sílẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ rà. Èyí tó bá ṣẹ́kù nínú owó, ẹ fi ra ọ̀dà, kí ilé sì rẹwà.

Kí Olúwa ṣọ́ àbọ̀ yín àti àlọ yín. A ó pàdé lóṣù tó ń bọ̀.