Àpò Fífúyẹ́ Kò Ní Kéèyàn Má Rí London

Ọ̀rọ̀ tó wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn tó ń múra àtilọ ṣe àbẹ̀wò sí London ni pé ìlú olówó ni. Wọ́n á ní ibùsùn wọ́n, oúnjẹ wọ́n, ọkọ̀ wọ́n. Irọ́ kọ́. Ibi tí wọ́n ti ṣì í ni pé wọ́n gbà pé ẹni tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n, àjẹkù ìlú náà ni yóò rí, tí ojúlówó rẹ̀ yóò wà fún àwọn tó rí jájẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Púpọ̀ nínú ohun tó mú kí London yẹ ní wíwò, ọ̀fẹ́ ni. Ohun tó sì sábà máa ń tú àpò àlejò níbẹ̀, kò kan wíwo ìlú rárá.

Ẹ jẹ́ ká mú àwọn ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Ọ̀fẹ́ ni ará ìlú ń wọlé nígbà tí British Museum ṣílẹ̀kùn ní 1759, ọ̀fẹ́ náà ni lónìí. Láwọn ọdún 1980, àwọn mìíràn bíi Natural History Museum bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó ìwọlé, kó tó di pé ìjọba fòpin sí i ní oṣù Kejìlá 2001 fún àwọn tó jẹ́ ti orílẹ̀-èdè. Owó orí ará Britain ló ń gbé e ró, àlejò sì ń jẹ nínú rẹ̀. Àwọn àkànṣe àfihàn nìkan ni wọ́n sábà máa ń ta tíkẹ́ẹ̀tì fún. Kò sì sẹ́ni tó lè sọ pé ohun tó wà lọ́fẹ̀ẹ́ yìí kù díẹ̀ káàtó. Orí idẹ kan láti Ifẹ̀ wà nínú Yàrá 25 ní British Museum, tí wọ́n wú jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938. Ẹni tó bá sún mọ́ ọn dáadáa yóò rí àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tí oníṣẹ́ ọnà náà fà láti iwájú orí wá sí àgbọ̀n, tó wá fi ètè sílẹ̀ ní dídán. Àpá ọ̀dà pupa ṣì wà lára adé rẹ̀. Ọmọ Yorùbá tó bá dé London tí kò dúró níwájú orí yìí, ohun tó pàdánù kì í ṣe kékeré.

Àwọn kan á ní kí ni ọ̀fẹ́ nínú kéèyàn lọ wo ẹrù baba rẹ̀ nílé onílé. Ẹ̀sùn yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ọwọ́ agbára ni ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi kó ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ọnà Benin tó wà nínú yàrá kan náà lọ ní 1897, àtakò lórí rẹ̀ kò sì lọ lásán: Horniman Museum ní gúúsù London dá ẹ̀tọ́ lórí ohun 72 padà fún Nàìjíríà ní 2022. Àmọ́ ìjà pé kí wọ́n dá a padà kò ní kéèyàn má lọ wò ó. Ẹni tó ti fi ojú ara rẹ̀ rí i ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń wúwo jù nínú àríyànjiyàn náà.

Kí ló wá ń gbọ́n àpò gbẹ? Ọjà rírà ni. Àìlóǹkà ni àlejò tó ń kúrò nílé pẹ̀lú ìwé tí àbúrò, ẹ̀gbọ́n àti ọ̀rẹ́ kọ bàtà, lọ́fínńdà àti fóònù sí, tí owó oúnjẹ rẹ̀ sì ń bá ìwé náà lọ. Tẹ́lẹ̀ rí, àlejò lè gba owó orí ọjà tí wọ́n ń pè ní VAT padà ní pápákọ̀ òfuurufú. Ètò yẹn parí ní òpin 2020. Bí bàtà àgbàlagbà bá jẹ́ £60, £10 nínú rẹ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ ìjọba Britain nìyẹn, kò sì ní bọ́ síta mọ́. £10 yẹn tó wọ bọ́ọ̀sì fún odidi ọjọ́ kan, yóò sì ṣẹ́ kù.

Bọ́ọ̀sì gan-an, ó yẹ kéèyàn mọ̀ ọ́n lò. Owó rẹ̀ di £1.75 ní oṣù Kẹta 2023, ẹni tó bá sì san án lẹ́ẹ̀kan lè wọ òmíràn bó ṣe wù ú láàárín wákàtí kan láìsan kọ́bọ̀ sí i. Káàdì ni wọ́n ń gbà. Láti 2014 ni wọn kò ti gba owó ọwọ́ mọ́. Bọ́ọ̀sì alájà méjì tó ń jẹ́ 15 ń ti Trafalgar Square gba iwájú St Paul's kọjá lọ sí ìtòsí Tower of London. Ẹni tó bá jókòó síwájú lókè ti rí èyí tí àwọn mìíràn ń sanwó ńlá fún lórí bọ́ọ̀sì onírìn-àjò afẹ́. Ní Greenwich náà, ọkọ̀ ojú omi inú ìgò tí oníṣẹ́ ọnà Yinka Shonibare ṣe, tí ìgbòkun rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ ankara, wà níta gbangba fún ẹnikẹ́ni.

Àtakò tó le jù ni ti físà. Ẹni tó ti san ohun tó lé ní £100 fún físà, tó tún ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù, kí ló dé tó ń ṣọ́ £1.75? Ìdí rẹ̀ ni pé owó yẹn ti lọ, bóyá èèyàn sùn níbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́wàá. Bí ọjọ́ bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ìnáwó àkọ́kọ́ yẹn ń dín kù lórí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, owó tí èèyàn bá sì ṣọ́ ló ń fi ọjọ́ kún ọjọ́. London Eye àti Tower of London, ọ̀kọ̀ọ̀kan lè gba £30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́wọ́ àgbàlagbà. Ẹni tó bá fi orí òkè Parliament Hill, níbi tí èèyàn ti lè wo ìlú náà lọ́fẹ̀ẹ́, rọ́pò ti àkọ́kọ́ ti ra oúnjẹ ọjọ́ kan tàbí méjì.

Àwọn tó ní ẹbí ní àdúgbò London bíi Peckham tàbí Woolwich á ní ọ̀rọ̀ owó ibùsùn kò kan àwọn. Ó kàn wọ́n. Ibùsùn ọ̀dọ̀ ẹbí kì í ṣe ọ̀fẹ́ fún onílé tó ń san owó iná àti owó ilé, ó sì tọ́ kí àlejò dá sí oúnjẹ ilé.

Kí ẹni tó ń lọ tètè sọ fún àwọn ará ilé pé kò sówó ẹrù. Kó wá ibùsùn tó wà lójú ọ̀nà bọ́ọ̀sì, kó sì fi owó bàtà yẹn kún iye ọjọ́ tí yóò lò.