Ẹ Jẹ́ Kí Á Ra Gìtá Béèsì Tí Kò Wọ́n, Kí Àwọn Ọmọ Wa sì Tún Un Ṣe Fúnra Wọn

Ìgbìmọ̀ àjọ̀dún ilé-ẹ̀kọ́ wa ti bẹ̀ wá, àwa akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, pé kí á dá owó fún ohun èlò orin inú gbọ̀ngàn àdúrà. Ète náà dára, n kò sì rò pé ẹnikẹ́ni yóò ta kò ó. Ọ̀nà tí a fẹ́ gbà ná owó náà ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Èrò tí ó gbilẹ̀ jù láàárín wa ni pé kí á pa gbogbo owó pọ̀, kí á ra dùùrù oníná ńlá kan láti òkè òkun, kí á fi aṣọ bò ó, kí á sì máa ṣí i ní ọjọ́ Ìsinmi àti nígbà tí àlejò pàtàkì bá wá. Èrò tèmi yàtọ̀. Mo ní kí á ra gìtá béèsì mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú irú èyí tí kò wọ́n, kí á ra àpótí irinṣẹ́ kan mọ́ ọn, kí á sì fi wọ́n lé àwọn ọmọ lọ́wọ́ láti tú, láti tò, àti láti tún ṣe.

Èé ṣe tí ó fi jẹ́ béèsì? Ẹ ronú nípa orin ìyìn tí a ń fi ohùn mẹ́rin kọ. Ní ilé-ẹ̀kọ́ gíríámà, ohùn kẹrin, ìyẹn ohùn ìsàlẹ̀ àwọn ọkùnrin, ni ó máa ń sọnù, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọkùnrin wa kò tíì balágà tó láti ní in. Orin náà á wá dà bí ilé tí ó ní òrùlé àti ògiri ṣùgbọ́n tí kò ní ìpìlẹ̀. Béèsì kan ṣoṣo, lọ́wọ́ ọmọ tí ó mọ̀ ọ́n lò, yóò dí àlàfo yẹn. Kì í sì í ṣe ohun àjèjì pátápátá sí etí wa. Ẹni tí ó bá ti fetí sí àpàlà Hárúnà Ìṣọ̀lá mọ iṣẹ́ tí agídìgbo ń ṣe lábẹ́ orin: kì í pariwo, ṣùgbọ́n bí ó bá dákẹ́, gbogbo ènìyàn ni yóò mọ̀. Iṣẹ́ náà ni gìtá béèsì gbà ṣe nínú jùjú.

Àwọn tí ó dá irú ohun èlò yìí sílẹ̀ pàápàá kì í ṣe ọ̀tọ̀kùlú. Leo Fender, tí ó gbé Precision Bass jáde ní ọdún 1951 ní ìlú Fullerton ní California, atún-rédíò-ṣe ni, kò sì mọ gìtá ta. Ó rí i pé béèsì ńlá onígi tí a ń fi ọrun fà wúwo láti gbé kiri, ohùn rẹ̀ kò sì lè borí ìlù àti fèrè. Ó wá ṣe kékeré tí a lè fi kọ́ èjìká, ó sì tẹ irin tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, èyí tí àwọn olórin ń pè ní fret, mọ́ ojú ọrùn rẹ̀ kí ìka má baà ṣìnà. Láti ara ìpéye yẹn ni ó ti rí orúkọ náà. Ìtàn ti Yamaha tún bá wa mu ju èyí lọ. Ní ọdún 1887, dùùrù kan bàjẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Hamamatsu, ní ilẹ̀ Japan. Wọ́n ránṣẹ́ pe Torakusu Yamaha, ẹni tí ń tún aago àti ohun èlò ìṣègùn ṣe. Ó tú u, ó tún un ṣe, ó sì fi ojú ara rẹ̀ rí bí wọ́n ti ṣe é. Kò pẹ́ tí òun náà fi kan tirẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ńlá tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí jáde láti inú dùùrù tí ó bàjẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́. Bí wọ́n bá ti fi aṣọ bo dùùrù yẹn ńkọ́?

Ní ti rírà, owó tí a ó fi ra Fender kan tí a ṣe ní Amẹ́ríkà tó ra Squier mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ilé-iṣẹ́ kan náà ni ó ni orúkọ méjèèjì. Láti ọdún 1982 ni ó ti ń lo orúkọ Squier fún èyí tí kò wọ́n, tí a kọ́kọ́ ń ṣe ní Japan, tí a sì wá ń ṣe ní àwọn ilẹ̀ Éṣíà mìíràn. Yamaha náà ní irú tirẹ̀. Igi, irin àti wáyà ni gbogbo wọn. Ohun tí ó sábà máa ń mú kí olówó pọ́ọ́kú dún bí agolo ni pé ẹnikẹ́ni kò tò ó dáadáa kí ó tó kúrò nínú páálí.

Bí ó bá sì jẹ́ tòkunbọ̀ ni a fẹ́ rà, ẹ jẹ́ kí á ṣọ́ra. Ẹni tí ó bá ti ra tòmátì rí ní ọjà Ṣáṣá mọ̀ pé ojú apẹ̀rẹ̀ kì í sábà jọ ìdí rẹ̀. Ẹ má wo ọ̀dà ara gìtá náà. Ẹ gbé e bí káfíńtà ti ń gbé pákó, kí ẹ di ojú kan, kí ẹ sì fi ìkejì wo ọrùn rẹ̀ láti ibi orí títí dé ibi ikùn. Bí ó bá tẹ̀ síwájú tàbí sẹ́yìn díẹ̀, kò burú. Ọ̀pá irin kan wà nínú ọrùn náà tí a lè fi tọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bí ọrùn bá lọ́, tí ẹ̀gbẹ́ kan gbé sókè tí ìkejì sì rì, ẹ dá a padà fún ọlọ́jà, ìbáà ṣe pé ó fẹ́ fi ta yín lọ́pọ̀. Ọ̀pá irin kò lè wo àrùn yẹn sàn. Lẹ́yìn èyí, ẹ bèèrè kọ́kọ́rọ́ tí ó bá ẹnu ọ̀pá irin náà mu, kí ẹ wò bóyá ó ṣì ń yí tàbí ẹnu rẹ̀ ti jẹ. Ẹ tẹ okùn kọ̀ọ̀kan lórí gbogbo fret, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fetí sí ibi tí ó bá ti ń kùn tàbí tí ó bá kú. Bọ́tìnnì ohùn tí ń ha nígbà tí a bá yí i kì í ṣe àléébù ńlá. Ìdọ̀tí ni, sípiréè tí àwọn atún-rédíò-ṣe ń lò yóò fọ̀ ọ́ kúrò.

Àwọn ọ̀dọ́ yóò sọ pé olókùn márùn-ún ni kí á rà, nítorí pé òun ni wọ́n ń rí lọ́wọ́ àwọn akọrin ìhìnrere. N kò fara mọ́ ọn. Okùn tí ó nípọn jù lára olókùn mẹ́rin ń gbọ̀n bí ìgbà 41 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ti olókùn márùn-ún ń gbọ̀n bí ìgbà 31. Sípíkà tí ó wà ní ọ̀pọ̀ gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́ kò lè sọ ohùn yẹn jáde. Ó kàn máa ń mì tìtì ni. Ẹ jẹ́ kí á fi ìyàtọ̀ owó náà ra ampilifáyà gidi fún béèsì.

Nígbà tí a bá ti rà á, iṣẹ́ wá bẹ̀rẹ̀, níbí ni ẹ̀kọ́ sì wà. Ẹ fi okùn tuntun sí i, kí ẹ tò ó sí ohùn E, A, D àti G. Ẹ tẹ okùn mọ́ fret àkọ́kọ́, kí ẹ sì tún tẹ̀ ẹ́ mọ́ fret ìkẹyìn lẹ́ẹ̀kan náà. Okùn náà ti di rúlà nìyẹn. Ẹ wo àárín, níbi fret keje tàbí ìkẹjọ: àlàfo tí ó wà lábẹ́ okùn gbọ́dọ̀ tó bí ìnípọn káàdì tí àwọn oníṣòwò ń fún ni, bí mìlímítà 0.3. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ yí ọ̀pá irin sí ọ̀tún. Bí kò bá sí àlàfo rárá, ẹ yí i sí òsì. Ẹ má ṣe yí i ju ìdámẹ́rin ìyípo kan lọ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ tún okùn tò, kí ẹ sì tún un wò. Lẹ́yìn ìyẹn ni a tó ń rọ okùn sílẹ̀ tàbí gbé e sókè ní ìdí rẹ̀, títí àlàfo orí fret kejìlá yóò fi wà láàárín mìlímítà 2 sí 2.5. Ọmọ tí okùn ga jù fún ní ìka yóò fi béèsì sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, wọn yóò sì ní kò ní ẹ̀bùn.

Fret kejìlá yìí ni olùkọ́ físíìsì gbọ́dọ̀ wá fi ojú rí. Gígùn okùn béèsì láti orí dé ìdí jẹ́ íńṣì 34. Fret kejìlá wà ní àárín gan-an, ní íńṣì 17. Ìdajì okùn ń mú ohùn kan náà jáde ní ìpele òkè. Bí a bá fọwọ́ kan okùn fẹ́ẹ́rẹ́ níbẹ̀, tí a sì tún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ níbẹ̀, ohùn méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu. Bí èyí tí a tẹ̀ bá ga jù, a ó sún ìdí okùn sẹ́yìn kí ó gùn sí i. Bí ó bá rẹlẹ̀ jù, a ó sún un síwájú. Ẹ̀kọ́ ìgbì ohùn tí àwọn ọmọ ń há sórí fún ìdánwò WAEC nìyí, tí wọn kò sì fi ọwọ́ kàn rí.

A kì í sì í ṣe é lẹ́ẹ̀kan kí á gbàgbé. Gbogbo ẹni tí ó bá gbé agbègbè Akínyẹlé mọ̀ pé ilẹ̀kùn tí kò ṣeé tì ní oṣù Keje nítorí òjò yóò máa mì jẹ̀gẹ̀jẹ̀gẹ̀ ní oṣù Kìn-ín-ní nítorí ọyẹ́. Igi kan náà ni ọrùn gìtá. Nígbà ọyẹ́, igi á sún kì, ẹnu fret á yọ síta, á sì máa gé ọwọ́. Fáìlì kékeré ni a fi ń rẹ́ ẹ. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, ó kéré tán, ni àwọn ọmọ yóò ní láti tún un tò.

Ní ti àtúnṣe àfikún, mo rọ̀ yín kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí kò ná ni lówó. Ègé fóòmù ibùsùn kan tí a tẹ̀ sábẹ́ okùn ní ìdí rẹ̀ yóò mú kí ohùn náà kúrú, kí ó sì wúwo, èyí tí ó dára fún orin ìjọ. Fender fúnra rẹ̀ máa ń fi fóòmù sí béèsì rẹ̀ ìgbà àtijọ́. Okùn tí ojú rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ wọ́n díẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́. James Jamerson, tí ó ta béèsì nínú ọ̀pọ̀ àwo Motown ní Detroit, kì í pààrọ̀ okùn àfi bí ó bá já. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀lẹ fi ìyẹn ṣe àwáwí o. Lẹ́yìn èyí ni a tó ń fi bébà bàbà bo inú ihò tí wáyà wà, kí ariwo iná lè dínkù, tí a sì ń jó lẹ́ẹ̀dì mọ́ àwọn oríkèé wáyà tí kò lágbára.

Ọ̀rọ̀ iná yìí kì í ṣe eré. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1972, Leslie Harvey, onígìtá ọmọ ilẹ̀ Scotland, kú lórí ìtàgé ní Swansea nítorí pé ó fọwọ́ kan makirofóònù tí kò ní wáyà ilẹ̀. Mélòó nínú gbọ̀ngàn wa, tí à ń fi jẹnẹrétọ̀ tan iná sí, ni ó ní wáyà ilẹ̀ tí ó dára? Ẹni tí ètè rẹ̀ ti ta pìà lára makirofóònù rí nígbà tí ó di gìtá mú mọ ohun tí mò ń wí. Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ sanwó fún ẹni tí ó mọ iṣẹ́ iná láti wá wo gbọ̀ngàn náà.

Àwọn àgbà kan yóò sọ pé ohun èlò ilé-ọtí ni béèsì. Dùùrù ńkọ́? Ní ayé àwọn ará Róòmù, ibi ìran àti ìjà ni wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ kí ó tó wọ ilé Ọlọ́run. Àríwísí tí ó tọ́ ni ti àwọn tí ó ń sọ pé béèsì ń bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. T. K. Ẹ̀kúndayọ̀ Phillips, tí ó tẹ dùùrù ní Kàtídírà Krístì ní Èkó láti ọdún 1914 di 1962, tẹnu mọ́ ọn pé orin Yorùbá gbọ́dọ̀ bá ohùn ọ̀rọ̀ lọ. Ó kọ ìwé lé orin wa lórí ní ọdún 1953. Béèsì kò ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu, ṣùgbọ́n etí ọmọ Yorùbá ń wá ọ̀rọ̀ nínú ohunkóhun tí ó bá ń lọ sókè sódò. Kí olùkọ́ Yorùbá jókòó ti àwọn atabéèsì, kí ó kọ́ wọn láti fi àyè sílẹ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti wúwo.

Ìwé Kíróníkà Kìn-ín-ní, orí 25, sọ fún wa pé àwọn tí a kọ́ ní orin Olúwa tí wọ́n sì mọ̀ ọ́n jẹ́ 288, àti olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́. Orí 23 sì jẹ́ kí á mọ̀ pé Dáfídì ni ó ṣe àwọn ohun èlò tí wọ́n fi ń yin Ọlọ́run. Nínú ọ̀pọ̀ ìjọ wa lónìí, ẹ ṣí ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn pẹpẹ, ẹ ó rí òkìtì kíbọ́ọ̀dù àti gìtá tí ó ti kú. Okùn kan já, wáyà kan bọ́, kò sí ẹni tí ó lè tún un ṣe. A sì dá owó, a ra òmíràn. A tún ń sanwó fún àwọn àjèjì láti wá ta á fún wa, nígbà tí ọmọ àgbẹ̀ tí ó ń kọrin lórí ìjókòó ẹ̀yìn kò rí ibi tí yóò ti fọwọ́ kàn án. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀, lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ni ó kún ilé-ẹ̀kọ́ wa. Bí ó bá jáde pẹ̀lú iṣẹ́ yìí lọ́wọ́, ìjọ tí ó wà láti Òjòó títí dé Mọ́níyà pọ̀ tó láti pè é.

Nítorí náà, mo bẹ ìgbìmọ̀ pé kí wọ́n gbé àbá yìí yẹ̀ wò kí wọ́n tó fi owó ránṣẹ́ sí òkè òkun: béèsì mẹ́ta, ampilifáyà kan, okùn àfikún fún ọdún méjì, kọ́kọ́rọ́ ọ̀pá irin, rúlà irin, fáìlì, irin ìjó-lẹ́ẹ̀dì, àti yàrá kékeré kan tí ó ní fèrèsé. Kí olùkọ́ físíìsì àti olùkọ́ orin jọ máa bójú tó o. Ní ti kọ́kọ́rọ́ yàrá náà, kí ó wà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ méjì, ọkùnrin kan, obìnrin kan; kí ó má ṣe wà nínú dúrọ́ọ̀ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́.